Jenny Lind, Akọrin Tí Ó Fi Ohùn Rẹ̀ Ṣe Àánú

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìjọ kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní akọrin kan tàbí méjì tí ohùn wọn yàtọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìde kọrin ní ọjọ́ Ìkórè, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn á dákẹ́, àwọn ìyá á sì máa mi orí. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè yóò wọ ilé àwọn òbí rẹ̀: kí ni a ó fi ohùn yìí ṣe? Ṣé kí ọmọ náà máa fi gba owó ni, tàbí kí ó máa fi yin Olúwa nínú ìjọ nìkan? Bí ó bá sì fi gba owó, ta ni ó ni owó náà? Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ mú ìtàn obìnrin kan wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ìbéèrè wọ̀nyí bá jìjàkadì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí ó sì dáhùn wọn ní ọ̀nà tí ó ya àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ lẹ́nu. Jenny Lind ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Sweden ni. Ẹyẹ kékeré kan wà ní ilẹ̀ wọn tí ń kọrin lóru tí gbogbo ènìyàn fi ń jí láti gbọ́ ọ. Orúkọ ẹyẹ náà ni wọ́n fi ń pè é káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ohun tí òpẹ́rà jẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ni a ti mọ̀ ọ́n. Eré orí ìtàgé ni, ṣùgbọ́n orin ni àwọn òṣèré fi ń sọ ọ̀rọ̀ wọn, tí àwọn onílù, oní-fèrè àti oní-gòjé a sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ìtàgé láti gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣe é níláti ní ohùn tí yóò kún ilé ńlá láìsí ẹ̀rọ kankan tí ń gbé ohùn sókè, kí ó sì mọ eré ṣe pẹ̀lú. Ní ìgbà tí à ń wí yìí, ọ̀pọ̀ Kristẹni ní Yúróòpù kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn súnmọ́ ilé eré rárá. Wọ́n ní obìnrin tí ó bá ti gun orí ìtàgé, ó ti fi orúkọ rere sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

A bí Jenny ní ìlú Stockholm, olú-ìlú Sweden, ní ọjọ́ 6 oṣù October, ọdún 1820. A kì yóò fi òtítọ́ pamọ́: baba àti ìyá rẹ̀ kò tíì ṣe ìgbéyàwó nígbà tí a bí i. Ìyá rẹ̀ ti kọ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nítorí panṣágà ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀n bí ẹni ìṣáájú ti wà láàyè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1834 ni ó tó bá baba Jenny dúró níwájú àlùfáà, nígbà tí ọmọ wọn ti ń di ọmọge. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ̀rí ọkàn tí ó kọ ìgbéyàwó kejì kò kọ ìyókù, ṣùgbọ́n a fi èyí sílẹ̀ fún Onídàájọ́ gbogbo ayé. Obìnrin náà le, ó ní ilé-ìwé kékeré kan tí ó fi ń wá oúnjẹ, ìgbà èwe ọmọ rẹ̀ kò sì dùn rárá.

Ohun kan ni ọmọdé náà ní tí kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ni. Ó ní ológbò kan tí ó fi rẹ́bọ́nù búlúù sí lọ́rùn. A máa jókòó tì í lẹ́bàá fèrèsé, a sì máa kọrin fún un. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 9, ìránṣẹ́bìnrin Omidan Lundberg, ẹni tí í ṣe olórí oníjó ní ilé eré ọba, ń kọjá lọ ní òpópó ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn náà, ó sì sáré lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Oníjó yìí ránṣẹ́ pe ọmọ àti ìyá, ó gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ yìí kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ìyá kọ́kọ́ lọ́ra, nítorí kò fẹ́ràn ilé eré. Olórí ilé eré náà pẹ̀lú wo ọmọdé tí kò tíì ga tó tábìlì, ó ní kí ni wọn ní kí òun fi irú èyí ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó gbà á, a sì ń fi owó ilé eré bọ́ ọ, a ń kọ́ ọ ní ìwé, ní ijó àti ní orin. Báyìí ni ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tù ú lára ṣe bọ́ sí ọwọ́ ọba.

Ní ọjọ́ 7 oṣù March, 1838, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó kọrin nínú òpẹ́rà Weber, ọmọ Jámánì, ní Stockholm, ìlú sì mọ̀ pé ẹni ńlá kan ti dìde láàárín wọn. Títí tí ó fi kú ni ó ń rántí ọjọ́ náà lọ́dọọdún bí ẹni tí ń ṣe ọjọ́ ìbí kejì. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, a sọ ọ́ di akọrin ààfin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ọmọ kékeré kọrin láti òwúrọ̀ dé òru ní ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ fi etí sílẹ̀ sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ilé eré ń fi ohùn ọmọbìnrin yìí ṣiṣẹ́ bí ẹni ń gún iyán, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọmọ ọdún 20, ohùn náà ti ń ha, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kó owó jọ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Paris ní 1841, sí ọ̀dọ̀ Manuel Garcia, olùkọ́ orin tí kò sí èkejì rẹ̀ ní ìgbà náà. Garcia gbọ́ ọ, ó sì sọ fún un láìfi bò pé kò sí ohùn mọ́ tí òun yóò kọ́. Ọmọbìnrin náà sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ní kí ó lọ dákẹ́: kí ó má kọrin rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó tilẹ̀ dín ọ̀rọ̀ sísọ kù, kí ó tó padà wá. Ó lọ, ó dákẹ́. Ẹ rò ó wò: akọrin ààfin, ẹni tí gbogbo Stockholm ń pàtẹ́wọ́ fún, nínú yàrá ní ìlú àjèjì, tí kò gbọdọ̀ la ẹnu. Nígbà tí ó padà, ohùn náà ti ń sọjí, Garcia sì gbà á; bí oṣù 10 ni ó fi kọ́ ọ láti mí, láti gbé ohùn kúrò ní ọ̀fun, láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bí ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ni ó fi dígí kékeré wo inú ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú orin, ní 1854, ohun tí àwọn dókítà ṣì ń jàǹfààní rẹ̀. Ọdún 101 ni ó lò láyé.

Láti ìgbà tí ó ti padà sí Sweden ní 1842 ni ohùn náà ti dé ibi tí kò dé rí. Ní 1843 ó lọ sí Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, níbi tí Hans Christian Andersen, ẹni tí ó kọ ọ̀pọ̀ ìtàn àtàtà fún àwọn ọmọdé, ti rí i. Ọkùnrin yìí fẹ́ ẹ dé òpin ọkàn rẹ̀. Jenny kò gbà. Arákùnrin ni ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n Andersen kò bínú, òun ni ó sì pa ìtàn kan mọ́ fún wa tí a kà sí àkọ́kọ́ nínú ohun tí a ń wá. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú náà tí ń gba àwọn ọmọ tí òbí wọn ń lù tàbí tí wọ́n ń fi agbára mú láti ṣagbe àti láti jalè. Wọ́n bẹ Jenny pé kí ó kọrin fún ẹgbẹ́ yìí ní alẹ́ kan, ó sì gbà láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n ka owó tán tí wọ́n sì sọ fún un pé yóò tọ́jú àwọn ọmọ náà fún ọdún díẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, ǹjẹ́ kò ha dára tó pé òun lè kọrin báyìí?

A rò pé láti ọjọ́ náà ni ó ti rí ìdáhùn apá kan sí ìbéèrè rẹ̀. Òun pẹ̀lú ti jẹ́ ọmọ tí ilé kò gbà. Kò sí ibì kan tí ó lọ lẹ́yìn èyí tí kò béèrè àwọn ọmọ òrukàn, àwọn aláìsàn àti àwọn òtòṣì ìlú náà.

Berlin gbà á ní 1844. Níbẹ̀ ni ó ti di ọ̀rẹ́ Mendelssohn, ọkùnrin olórin mímọ́ tí ó ṣe ìtàn wòlíì Èlíjà ní orin ńlá. Ohùn Jenny ni Mendelssohn ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ apá tírébù nínú orin náà. Ní London, ní ọjọ́ 4 oṣù May, 1847, Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ fara hàn ní ìtàgé Gẹ̀ẹ́sì, ariwo ìlú sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ìbọ̀wọ́, fìlà, àga àti ìkòkò tíì. Ní oṣù November ọdún náà, Mendelssohn kú ní ọmọ ọdún 38. Ìbànújẹ́ náà wọ Jenny lára gidigidi. Ó pẹ́ kí ó tó lè gbé orin ọkùnrin náà sí ẹnu. Nígbà tí ó sì gbé e, ní ọjọ́ 15 oṣù December, 1848, ní Gbọ̀ngàn Exeter ní London, gbogbo orin Èlíjà ni ó kọ́ apá tirẹ̀ nínú rẹ̀, owó tí wọ́n rí sì tó bí £1,000. Wọ́n fi í lélẹ̀ láti máa rán ọ̀dọ́ olórin tí kò lówó lọ sí ilé-ìwé, ní orúkọ olóògbé náà. Ọmọ àkọ́kọ́ tí ó jẹ àǹfààní náà, ní 1856, ni Arthur Sullivan, ọmọ ọdún 14. Ẹ ó rántí pé Sullivan yìí ni ó ṣe ohùn tí a fi ń kọ orin àwọn Kristẹni tí ń yan bí ọmọ-ogun tẹ̀lé àgbélébùú, èyí tí kò sí ọmọ Ilé-Ìwé Ọjọ́-Ìsinmi kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì yan sí i rí. Owó alẹ́ kan ní 1848 ni ó tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Jenny kò balẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Stanley ti Norwich ti gbà á sí ilé rẹ̀ ní 1847, ó sì bá ìdílé ibẹ̀ ka ìwé, ó bá wọn gbàdúrà. Bí ó ti ń súnmọ́ àwọn ènìyàn Ọlọ́run tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtàgé ń wúwo lọ́rùn rẹ̀ tó. Kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú orin; ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ìgbésí ayé òṣèré, ìdíje, ìpàtẹ́wọ́ tí ń wọ ènìyàn lórí, òru tí a ń sọ di ọ̀sán. Ní ọjọ́ 10 oṣù May, 1849, ó ṣe òpẹ́rà ní London fún ìgbà ìkẹyìn. Ọmọ ọdún 28 péré ni. Kò sí akọrin kan láyé tí owó rẹ̀ tó tirẹ̀, Ọbabìnrin sì wà ní àga rẹ̀ ní alẹ́ náà. Kò tún gun ìtàgé òpẹ́rà mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a ní etí òkun lọ́jọ́ kan lẹ́yìn èyí, Bíbélì lórí eékún rẹ̀, ojú rẹ̀ sí oòrùn tí ń wọ̀. Ó bi í léèrè ìdí tí ó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ògo rẹ̀ ga jù lọ. Jenny fi ìka kan Bíbélì náà, ó ní lójoojúmọ́ ni ilé eré ń jẹ́ kí ìrònú òun lórí èyí dín kù, kò sì jẹ́ kí òun rántí oòrùn tí ń wọ̀ yẹn rárá. Kí ni òun ì bá tún ṣe? Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé àṣejù ni. Ní tiwa, a kò gbà pé gbogbo ẹni tí ó wà ní ìtàgé ni ó sọnù, a sì mọ àwọn òṣèré tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ Kristẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, òun ni kí a jẹ́ kí ó bọ́ ọ.

Kí ó tó fi ìtàgé sílẹ̀ ni ó ti padà sí Norwich ní oṣù January 1849, tí ó kọrin nínú àpéjọ orin fún àǹfààní ìlú náà, tí èrè rẹ̀ jẹ́ £1,253. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ronú ohun tí a ó fi í ṣe. Ní ìgbà náà, àwọn ọmọdé tálákà ń kú bí adìyẹ ní ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò sì fẹ́ gba ọmọ kékeré. A pinnu láti fi owó náà dá ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọdé tí ara wọn kò dá sílẹ̀. A ṣí i ní 1854, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Àkókò yìí ni Amẹ́ríkà nà ọwọ́ sí i, ẹni tí ó sì nà á kò jọ ẹni tí Kristẹni ì bá máa wá. P. T. Barnum ni, aláfihàn nǹkan ìyanu ní New York. Ọkùnrin kúkúrú kan tí kò ga tó ọmọ ọdún 2 ni ó fi di olówó, ó sì ti fi òkú ọ̀bọ tí a rán mọ́ ìrù ẹja hàn fún ayé pé Mámí-wọ́tà ni. Kò tíì gbọ́ ohùn Jenny rí nígbà tí ó rán ikọ̀ sí i. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní oṣù January 1850 ní kí ó gba $1,000 fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan títí dé alẹ́ 150, kí a san owó ọkọ̀, ilé àti ìránṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọrin fún àánú nígbà tí ó bá fẹ́. Jenny kò sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu: ó ní kí Barnum kọ́kọ́ fi gbogbo owó náà, $187,500, sí ilé ìfowópamọ́ ní London kí òun tó kó ẹrù. Barnum fi ilé dógò, ó ta ilẹ̀, ó yá káàkiri, ó ku $5,000. Àlùfáà kan ní Philadelphia ni ó yá a ní èyí tí ó kù. Ó ní obìnrin yìí yóò ṣe ìwà àwọn ará Amẹ́ríkà ní rere.

Ohun tí Jenny fẹ́ fi owó náà ṣe kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ fi dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní Sweden.

Ó gúnlẹ̀ sí New York ní ọjọ́ 1 oṣù September, 1850, ó sì lé ní 30,000 ènìyàn tí ó dúró dè é ní etí omi. Barnum ti fi ìwé ìròyìn ru wọ́n sókè fún oṣù mẹ́fà. Gbàǹjo ni wọ́n fi ta tíkẹ́ẹ̀tì: ọkùnrin kan tí ń ta fìlà ra ti àkọ́kọ́ ní $225, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ta fìlà fún gbogbo Amẹ́ríkà; ní Providence, ẹnìkan san $650 fún àga kan, kò sì lọ jókòó lórí rẹ̀. Irú ìwà yìí ti wà láti ìgbà pípẹ́, a kò ní láti rìn dé Amẹ́ríkà kí a tó rí i ní ibi ìkówójọ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 11 oṣù September. Nígbà tí orin parí, Barnum jáde wá sọ fún àwọn ènìyàn pé Omidan Lind ti fi $10,000 nínú ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìní ìlú náà. A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ibi tí ó lọ, nítorí inú ìpínkiri ni a ti ń mọ ọkàn olùfúnni. $3,000 lọ sí àpò àwọn panápaná, tí wọn kò gba owó oṣù ní ìgbà náà, fún àwọn opó àti ọmọ àwọn tí iná pa. $2,000 lọ sí ẹgbẹ́ àwọn olórin. Ibi mẹ́wàá mìíràn gba $500 kọ̀ọ̀kan: àwọn ìyá arúgbó, àwọn aboyún tí kò ní ẹnìkan, ilé ọmọ òrukàn ti Pùròtẹ́sítáǹtì àti ti Kátólíìkì bákan náà. Méjì nínú wọn jẹ́ ti àwọn ènìyàn dúdú: ilé àwọn arúgbó wọn àti ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ọmọ òrukàn wọn. Ọdún 1850 ni èyí, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ṣì ń lépa ẹrú tí ó bá sá, tí ó sì ń dá a padà fún olówó rẹ̀.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, a kò sì ní fò ó. Nígbà tí ó ń lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí àwọn olóko-ẹrú wà, ìròyìn tàn pé ó ti fi owó fún àwọn tí ń jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú. Barnum rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì lè má tà. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn kan ní Washington, ó sẹ́ ẹ pátápátá, ó ní kò fún wọn ní kọ́bọ̀ rí. Jenny kò sọ ohunkóhun ní gbangba. Ó kọrin ní Charleston, ó kọrin ní New Orleans, ní oṣù January 1851 ó sì kọrin ní Havana, ní erékùṣù Kúbà. Àwọn ará Havana bínú sí owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi òṣé pàdé rẹ̀. Kí orin àkọ́kọ́ tó tán, wọ́n ti ń ju òdòdó. Ó fi èrè alẹ́ ìkẹyìn níbẹ̀ fún àwọn aláìní. Ṣùgbọ́n a kò lè ka orúkọ ìlú náà kí a má rántí pé ní ọdún yẹn gan-an, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí kún àwọn oko ìrèké Kúbà àti òpópó Havana, nínú ìdè. Ó ṣeé ṣe kí ẹrú tí ó ṣí ilẹ̀kùn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn tí ó wá gbọ́ orin náà jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ẹ̀gbá. Owó tí àwọn olówó-ẹrú fi ra àga ni ó sì di ọrẹ àánú. Èyí wúwo fún wa láti kọ.

Síbẹ̀ ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Ní 1852, nígbà tí ìwé Ìyáàfin Stowe nípa ìyà àwọn ẹrú jáde, Jenny kà á, ó sì kọ lẹ́tà ìyìn sí i ní oṣù May. Ìyá ẹrú kan, Ìyáàfin Edmondson, wà ní New York ní àkókò náà, ó ń wá owó láti ra àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ó kù padà kí a má bàa tà wọ́n lọ jìnnà. Ìyáàfin Stowe ń bá a kó owó jọ, Jenny àti ọkọ rẹ̀ sì fi tiwọn sí i. Ó pẹ́ kí ó tó ṣe é. Àwa ì bá fẹ́ kí ó ti sọ̀rọ̀ ní Charleston.

Ọkọ tí a wí yìí ni Otto Goldschmidt, ọmọ Hamburg, ẹni tí ń tẹ dùùrù fún un. Ìdílé Júù ni a bí i sí, ó sì ti di Kristẹni. Ó fi ọdún 9 kéré sí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbéyàwó ní Boston ní ọjọ́ 5 oṣù February, 1852, láìsí ariwo. Àwọn òǹkàwé wa obìnrin yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ó rẹ́ wọn: ó rẹ́ wọn fún ọdún 35, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Ṣáájú ìgbéyàwó náà, òun àti Barnum ti túká. Ariwo, gbàǹjo àti ìpolówó sú u. Ó ní òun kò fẹ́ kí a máa mú òun káàkiri bí ẹran ìran. Ní oṣù June 1851, lẹ́yìn orin 93, ó lo ẹ̀tọ́ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn wọn, ó sì san ìtanràn tí ìwé náà sọ, $32,000, láìjiyàn. Gbogbo owó tí ó wọlé jẹ́ $712,161. Ìpín Jenny lẹ́yìn ìtanràn jẹ́ $176,675. Àwọn ọ̀tá Barnum fẹ́ kí ó bú u, kò bú u. Barnum náà kò bú u. Kí àwọn tí ń ṣòwò pọ̀ láàárín wa ka gbólóhùn méjì yìí lẹ́ẹ̀kejì. Jenny ń dá kọrin lọ fún bí ọdún kan sí i, owó tí ó sì rí ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé Sweden ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n gbé ní Jámánì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé. Nígbà tí Ogun Crimea ń parí lọ, tí a ń kó owó jọ láti fi dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní orúkọ Florence Nightingale, Jenny kọrin fún un ní oṣù March 1856. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £2,000, òun àti ọkọ rẹ̀ sì fi owó ara wọn san ìnáwó àpéjọ náà kí gbogbo èrè lè wọ àpò. Láti inú àpò yìí ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Ilé Ìwòsàn St. Thomas ti jáde ní 1860.

Bí ó ti ń dàgbà, kò gbé ìgbéraga olókìkí ká orí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di olórí Ẹgbẹ́ Akọrin Bach ní London ní 1875, ẹni tí ọba méjì ti pàtẹ́wọ́ fún wá jókòó láàárín àwọn tírébù, ó ń kọ́ wọn ní ẹsẹ orin bí olùkọ́ ọmọdé. Ní 1883 ó di olùkọ́ ohùn ní Ilé Ẹ̀kọ́ Orin Ọba ní London. Àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀: kò fẹ́ràn ọ̀lẹ, kì í sì í yin ẹni tí kò yẹ. Ọdún náà ni ó kọrin ní gbangba fún ìgbà ìkẹyìn, ní ìlú Malvern, fún àpò ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ọdún 62 ni nígbà náà.

Ó kú ní ilé rẹ̀ ní orí òkè Malvern ní ọjọ́ 2 oṣù November, 1887, a sì sin ín síbẹ̀. Ìwé ogún rẹ̀ fi apá tí ó tóbi sílẹ̀ láti máa rán àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí kò lówó ní Sweden lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Láti 1996, fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn ará Sweden tẹ àwòrán rẹ̀ sórí owó ìwé wọn ti 50 kronor. Ní 1894 a gbé àwòrán rẹ̀ sí ògiri Westminster Abbey, ní ìsàlẹ̀ ère Handel, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Jóòbù, orí 19, ẹsẹ 25, èyí tí ó máa ń kọ nínú orin Messiah. Ní Norwich, wọ́n ti kó ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kúrò ní ibi tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti di apá kan ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà, ṣùgbọ́n orúkọ Jenny Lind ni àwọn ìyá tí ń gbé ọmọ wọn wọlé níbẹ̀ ṣì ń kà lẹ́nu ọ̀nà.